Bí A Ṣe Ń Fi Ìròyìn Nípa Orin, Fíìmù àti Àwọn Gbajúmọ̀ Kọ́ni ní Kíkà àti Ìjíròrò ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú ìwé méjì nínú ìwé kíkà máa ń sú lè jókòó ti ìròyìn nípa olórin tó fẹ́ràn fún ìgbà pípẹ́, kí ó sì máa wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò yé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń mú ìròyìn nípa orin, fíìmù, eré orí tẹlifíṣàn, géèmù àti aṣọ ìgbàlódé wọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kò tó. Bí olùkọ́ bá kàn tẹ ìròyìn náà jáde, tí ó pín in, tí ó sì béèrè pé kí ni kíláàsì rò nípa rẹ̀, àwọn méjì tàbí mẹ́ta tó ti mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀ ni yóò gba ọ̀rọ̀ sọ, àwọn yòókù yóò sì máa wò wọ́n lẹ́nu, ìwé tó wà níwájú wọn kò sì ní wúlò fún ohunkóhun. Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa irú ẹ̀kọ́ yìí ni pé inú ìwé tí a kà ni ìjíròrò ti gbọ́dọ̀ jáde, inú rẹ̀ náà ni ó sì gbọ́dọ̀ máa padà sí. Ìdí kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé ń ṣiṣẹ́ fún.

Ẹ yan ìròyìn tí ìbéèrè wà nínú rẹ̀

Nígbà tí ẹ bá ń wá ìròyìn tí ẹ ó lò, ẹ má ṣe kọ́kọ́ wo bí òkìkí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe tó. Ẹ wò ó bóyá ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn ènìyàn méjì tó ń fi òótọ́ inú ronú lè má fẹnu kò lé lórí. Ìròyìn pé òṣèré kan ra ilé tuntun kò ní ìjíròrò nínú: a kà á, a bá a yọ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ìròyìn pé owó tíkẹ́ẹ̀tì eré orin olórin kan ń gòkè bí àwọn tó fẹ́ rà á ṣe ń pọ̀ sí i ní ìbéèrè nínú, nítorí pé ẹnì kan lè sọ pé bí ọjà ṣe máa ń rí náà nìyẹn, kí ẹlòmíràn sì sọ pé àwọn olólùfẹ́ tó sọ olórin náà di ẹni ńlá gan-an ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìròyìn nípa ẹni tó yẹ kó ni orin tí a ti gbà sílẹ̀, nípa fífi ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) ṣe orin tuntun pẹ̀lú ohùn olórin tó ti kú, tàbí nípa fíìmù tí wọ́n ṣe lórí ìgbésí ayé ẹni tó ṣì wà láàyè láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan tó dára gidigidi ni ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé fíìmù àti eré tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ó sì parí ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, lẹ́yìn ọjọ́ 148. Àwọn òṣèré náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù Keje. Lára ohun tí àwọn òǹkọ̀wé náà ń jà fún ni iye tó yẹ kí wọ́n máa gbà lórí eré tí àwọn ènìyàn ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ààlà tó yẹ kó wà fún lílo ọgbọ́n àtọwọ́dá nínú iṣẹ́ wọn. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wo fíìmù lórí fóònù rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Ìyanṣẹ́lódì ti parí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣì wà nílẹ̀, nítorí náà ìròyìn ọdún 2023 ṣì wúlò. Ẹ lè fi èyí dán ìròyìn yòówù wò: ẹ yọ orúkọ gbajúmọ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ohun kan ṣẹ́kù tó tọ́ láti jíròrò lé lórí. Bí kò bá ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kí ó lọ, bó ti wù kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn ẹni náà tó.

Ẹ yẹra fún ìròyìn àìsàn gbajúmọ̀, ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ àti bí ara rẹ̀ ṣe rí. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wà nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan, kò sì yẹ kí ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ipá mú un láti sọ̀rọ̀ lé e lórí níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ máa bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí wọ́n ń wò àti ohun tí wọ́n ń gbọ́, nítorí pé ohun tí olùkọ́ rò pé ó gbòde lè ti di ti àtijọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni kí ìpinnu ìkẹyìn wà.

Ẹ wò ó bóyá ìwé náà kò le jù

Ìwádìí tí Hu àti Nation, àwọn onímọ̀ nípa kíkọ́ èdè, gbé jáde ní ọdún 2000 fi hàn pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé nílò láti mọ nǹkan bí 98 nínú 100 ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lè ka ìtàn kan ní àkàyé láìsí ẹni tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Nínú kíláàsì, níbi tí olùkọ́ wà nítòsí, a lè fara mọ́ iye tó dín díẹ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ àjèjì bá ti ju márùn-ún lọ nínú 100, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ka ìwé mọ́, inú atúmọ̀ èdè ni wọ́n ń gbé. Ẹ mú 100 ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìròyìn náà, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo èyí tí ẹ mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó wà láàárín kíláàsì yín kò ní mọ̀, kí ẹ sì kà wọ́n. Ẹ má ka orúkọ ènìyàn àti orúkọ ilé iṣẹ́ mọ́ wọn. Fún àwọn tó wà ní ìpele B1 lórí òṣùwọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù, tó pín ìmọ̀ èdè sí ìpele mẹ́fà láti A1 dé C2, ìròyìn tí kò ju nǹkan bí 350 ọ̀rọ̀ lọ tó fún ẹ̀kọ́ wákàtí kan lójú tèmi.

Bí ìròyìn náà bá gùn jù, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí gé e, nítorí pé àwọn akọ̀ròyìn sábà máa ń to ọ̀rọ̀ wọn kí èyí tó ṣe pàtàkì jù wà lókè, kí àlàyé tó kù sì máa tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìsàlẹ̀ náà dáadáa kí ẹ tó gé e. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ta ko ìròyìn náà sábà máa ń wà, bí ẹ bá sì gé ìyẹn dànù, ẹ ti gé ìjíròrò yín dànù. Bí ó bá jẹ́ pé èdè rẹ̀ ló le, ẹ lè tún un kọ. Ilé iṣẹ́ rédíò Voice of America bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 1959 tí wọ́n ń fi nǹkan bí 1,500 ọ̀rọ̀ gbé ìròyìn jáde, pẹ̀lú gbólóhùn kéékèèké àti kíkà tó rọra, ìlànà wọn sì ṣeé tẹ̀ lé títí di òní: èrò kan sínú gbólóhùn kan, kí ẹni tó ṣe nǹkan sì hàn gbangba. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn ni ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn fà yọ láti ẹnu ẹlòmíràn. Ẹ kọ orúkọ ìwé ìròyìn náà àti ọjọ́ tó jáde sórí ẹ̀dà yín, kí ẹ sọ pé ẹ ti gé e tàbí pé ẹ ti tún un kọ, kí ẹ sì mọ ohun tí òfin ibi tí ẹ wà sọ nípa ṣíṣe ẹ̀dà iṣẹ́ oníṣẹ́.

Ẹ fi àkọlé nìkan bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ àkọlé ìròyìn náà sójú pátákó, kí ẹ má tíì pín ìwé. Èdè àkọlé ní òfin tirẹ̀ tí ìwé gírámà kì í sábà kọ́ni, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá sì mọ̀ ọ́n lè ti ṣìnà kí ó tó dé ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Nínú “Actors join writers on picket line”, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “join” kò fi àsìkò tó ti kọjá hàn. Nínú “Studios to resume talks”, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ni “to” ń tọ́ka sí. Nínú “Tour cancelled after ticket row”, wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi “the” àti “has been” kúrò kí àyè lè gbà á. “Row” inú rẹ̀ túmọ̀ sí awuyewuye, pípè rẹ̀ sì bá ti “now” mu, kò bá ti “go” mu bí ti “row” tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí ìlà tí ènìyàn ń tò sí. Ẹ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ àkọlé náà di odindi gbólóhùn: “The tour has been cancelled after a row about tickets.” Ìṣẹ́jú márùn-ún ni iṣẹ́ yìí ń gbà, ó sì ń ṣí ọ̀nà fún gbogbo àkọlé tí wọn yóò tún bá pàdé lórí fóònù wọn.

Lẹ́yìn èyí, kí olúkúlùkù kọ ìbéèrè méjì tó rò pé ìròyìn náà yóò dáhùn. Ẹ kọ díẹ̀ nínú wọn sójú pátákó. Àwọn tó ti mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀ yóò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ má pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sí apá kan pátákó náà lábẹ́ “What we have heard”. Nígbà tí kíkà bá parí, ẹ ó padà wá sí ibẹ̀ láti wò ó bóyá ìwé náà tì í lẹ́yìn, bóyá ó ta kò ó, tàbí bóyá kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Báyìí ni ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà yóò ṣe ní ìdí láti kàwé.

Nípa ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ má ṣàlàyé ju mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ ṣáájú kíkà, kí ó sì jẹ́ àwọn tí ìtàn náà kò ní yé ẹnikẹ́ni láìsí wọn. Nínú ìròyìn ìyanṣẹ́lódì, “strike”, “studio” àti “union” wà lára irú wọn. Àwọn tí a lè fòye gbé láti inú gbólóhùn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ìdí mẹ́ta

Kíkà àkọ́kọ́ yá, a sì ń fi ojú ṣe é láìpariwo: ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, láti wò ó bóyá a rí ìdáhùn sí ìbéèrè ojú pátákó. Mi ò fara mọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kà á sókè lọ́kọ̀ọ̀kan ní àkókò yìí, nítorí pé ẹni tó ń kà á ń bẹ̀rù àṣìpè, àwọn tó ń gbọ́ sì ń ka ìpínrọ̀ tí yóò kàn wọ́n sílẹ̀ de ara wọn.

Ní kíkà kejì, kí wọ́n ya òpó mẹ́ta sínú ìwé wọn. Nínú òpó kìíní, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú ìròyìn náà. Nínú èkejì, ohun tí ó sọ. Nínú ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀-ìṣe tí akọ̀ròyìn fi gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Òpó kẹta yìí ni ìṣúra. Ẹ wo àpẹẹrẹ kékeré yìí, tí mo kọ fún ìdánrawò:

“The singer said tickets were cheaper than last year. Fans claimed they had paid twice as much. The company admitted that its website had failed, but insisted that its prices were fair.”

Ènìyàn mẹ́ta ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọn kò sì dọ́gba lójú ẹni tó kọ ọ́. “Said” kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. “Claimed” ń jẹ́ kí òǹkàwé rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olólùfẹ́ náà lè má rí bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ̀ròyìn kò sọ pé irọ́ ni. “Admitted” ń sọ pé ẹ̀bi wà, pé ilé iṣẹ́ náà sì ti gbà á. “Insisted” ń fi hàn pé ẹnì kan ti kọ́kọ́ jiyàn. Ẹ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pààrọ̀ méjì àkọ́kọ́, kí olórin náà di ẹni tó “claimed”, kí àwọn olólùfẹ́ sì di àwọn tó “said”, kí ẹ wá béèrè ẹni tó jọ pé òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ nísinsìnyí. Kò sí òtítọ́ kan tó yí padà nínú ìpínrọ̀ náà, síbẹ̀ ìdáhùn wọn yóò yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí èyí lẹ́ẹ̀kan ti ní irinṣẹ́ tí yóò máa lò nínú ìròyìn ìṣèlú, ti ọrọ̀ ajé àti ti ìlera bákan náà.

Kíkà kẹta jẹ́ ti ẹ̀rí. Kí wọ́n fi àmì sí ohun tó dájú, ohun tó jẹ́ èrò ẹnì kan, àti ohun tó jẹ́ àhesọ. Ìròyìn àwọn gbajúmọ̀ kún fún àhesọ ju ọ̀pọ̀ ìròyìn mìíràn lọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ní ọ̀rọ̀ tó ń fi wọ́n hàn: “reportedly”, “allegedly”, “is said to”, “a source close to the singer”. Kí wọ́n máa béèrè pé ta ni “source” yìí, kí ni ìdí tí kò fi jẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun, àti pé ta ni yóò jèrè bí a bá gbà á gbọ́. Kí wọ́n tún wò ó bóyá ẹnì kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bóyá ìyìn nìkan ló wà níbẹ̀, tí ọjọ́ tí fíìmù tàbí orin náà yóò jáde sì wà ní ìparí. Ìròyìn tó rí bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kọ ránṣẹ́ láti fi polówó ọjà. Ó ṣì wúlò fún ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí gbogbo kíláàsì bá mọ ohun tí wọ́n ń kà.

Ẹ jẹ́ kí ìjíròrò padà sínú ìwé

Ìbéèrè “Do you like this actor?” kò lè bí ìjíròrò, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó yẹ kí ẹnì kan ṣe. Fún ìròyìn ìyanṣẹ́lódì, ẹ lè béèrè pé: “Should a studio tell viewers when a computer helped to write a show?” Àdéhùn tó parí ìyanṣẹ́lódì náà sọ pé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún òǹkọ̀wé bí ohun tí wọ́n gbé fún un bá jẹ́ èyí tí ọgbọ́n àtọwọ́dá kọ. Ìbéèrè yín gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú díẹ̀, láti ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wo eré, kò sì sí ìdáhùn kan tí wọ́n lè dà kọ láti inú ìwé.

Ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà tí Frank Lyman, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ní ọdún 1981: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ dá ronú, kí ó bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ ọ́, kí ó tó sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì. Ẹni tó ń tijú yóò ti lo gbólóhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí gbogbo ojú tó yí sí i. Fún àwọn tí èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn kò tíì pọ̀, mo fara mọ́ ọn pé kí wọ́n fi èdè abínibí wọn ronú pọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Èrò tó dára tí a wá fi Gẹ̀ẹ́sì tó mẹ́hẹ sọ sàn ju Gẹ̀ẹ́sì tó já geere tí kò ní èrò nínú lọ. Bí ẹ bá sì béèrè ìbéèrè, ẹ dúró. Mary Budd Rowe, tó ṣèwádìí nípa bí olùkọ́ ṣe ń béèrè ìbéèrè, rí i nínú ìwádìí rẹ̀ pé àwọn olùkọ́ kì í sábà dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀, àti pé nígbà tí wọ́n bá dúró tó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gùn sí i, àwọn púpọ̀ sí i sì máa ń dáhùn. Ẹni tó ń fi èdè kejì ronú nílò àkókò náà ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ fi gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sójú pátákó kí wọ́n lè máa wò wọ́n: “According to the article…”, “I see your point, but…”, “The writer doesn’t say whether…”. Nígbà kúùgbà tí ẹnì kan bá sọ ohun kan nípa ìtàn náà, kí ẹnì kejì rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé “Where does it say that?”, kí ẹni náà sì fi ìka tọ́ka sí ìlà náà. Bí kò bá rí i, ó lè sọ pé “That’s my own opinion”, kò sì sí ẹ̀bi nínú ìyẹn. Ìbéèrè kékeré yìí ló ń mú kí ìwé má di ohun tí a pa tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ẹnu bá ti yá. Ní ti olùkọ́, kí ó fi èrò tirẹ̀ pamọ́ títí ìjíròrò yóò fi parí, nítorí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbè sí ibi tí olùkọ́ bá gbè sí.

Bí àyè bá wà fún ẹ̀kọ́ kejì, ẹ wá ìròyìn mìíràn lórí ọ̀rọ̀ kan náà láti ilé ìròyìn ọ̀tọ̀. Kí ìdajì kíláàsì ka ti àkọ́kọ́, kí ìdajì kejì ka èkejì, kí ẹ wá pa wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì láti sọ ohun tí wọ́n kà fún ara wọn. Ọ̀nà tí Elliot Aronson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1971 ni èyí jọ, níbi tí olúkúlùkù ti mú apá kan ẹ̀kọ́ dání tí ẹnì kejì rẹ̀ kò ní. Kò sí ẹni tó lè dákẹ́, nítorí pé òun nìkan ló mọ ohun tó kà, ìyàtọ̀ tó bá sì wà láàárín ìròyìn méjèèjì yóò fúnra rẹ̀ di ọ̀rọ̀.

Àtúnṣe àti iṣẹ́ àmúrelé

Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹ má dá wọn dúró nítorí àṣìṣe. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, ẹ kọ gbólóhùn bíi márùn-ún sójú pátákó láìdárúkọ ẹni tó sọ wọ́n, kí ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì tó dára gan-an sí i, kí kíláàsì fúnra wọn wá àtúnṣe.

Fún iṣẹ́ àmúrelé, kí olúkúlùkù kọ 80 sí 100 ọ̀rọ̀ láti dáhùn ìbéèrè tí ẹ jíròrò. Kí ó fa gbólóhùn kan yọ láti inú ìròyìn náà, kí ó sì lo ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe òpó kẹta láti fi gbé e kalẹ̀. Bí ẹ bá ń máàkì rẹ̀, ohun méjì péré ni kí ẹ wò: bóyá gbólóhùn tó fà yọ ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn lóòótọ́, àti bóyá ọ̀rọ̀-ìṣe tó lò bá ohun tí ẹni náà sọ mu. Àṣìṣe gírámà tó kù lè dúró de ọjọ́ mìíràn, àyàfi èyí tó bá mú kí gbólóhùn rẹ̀ má yé yín.